Ààlà Tí A Fọwọ́ Ara Wa Fà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀yà àti Àjọgbé ní Ilé-Ifẹ̀



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá wa ní onírúurú àwọ̀ àti onírúurú èdè. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàhábà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni, ọ̀rọ̀ àdúgbò wa ni, ó sì kan ìgbàgbọ́ wa pẹ̀lú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 2017, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, láàrin àwọn Yorùbá àti àwọn Haúsá. Wọ́n sun ilé, wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fi ibùgbé wọn sílẹ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde kónílé-ó-gbélé. Àwọn ọlọ́pàá sọ lẹ́yìn náà pé ènìyàn 46 ni ó kú. Nígbà tí wọ́n kó ènìyàn 20 jáde pé àwọn ni afurasí, tí gbogbo wọn sì jẹ́ Yorùbá, ariwo mìíràn tún sọ pé ìjọba ń ṣègbè. Síbẹ̀, ohun tí àwọn ìròyìn fẹnu kò lé lórí ni pé aáwọ̀ àárín ènìyàn díẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè wa nìyí: báwo ni aáwọ̀ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ṣe ń di ogun ẹ̀yà méjì? Ta ni ó ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀? Ẹni tí kò gbé igi, tí kò mú àdá, ṣùgbọ́n tí ó ké lójú pópó pé "wọ́n ti ń pa wá o", ǹjẹ́ yóò ní ohun tí yóò sọ níwájú Ọlọ́hun lọ́jọ́ ìṣírò?

Àwọn kan yóò dáhùn kíákíá pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni. Wọn á ní Yorùbá ni Yorùbá, Haúsá ni Haúsá, Ọlọ́hun ni ó pààlà sí àárín wọn láti ìṣẹ̀dálẹ̀, epo ò sì lè bá omi pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìdáhùn yìí wò dáadáa, nítorí pé bí ó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi nínú gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àwa ni a ń fọwọ́ ara wa fa ààlà náà lójoojúmọ́, a jẹ́ pé a ó jíhìn fún un.

ORÚKỌ TÍ A Ń JẸ́

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ "Yorùbá" fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé láti ìgbà Odùduwà ni gbogbo wa ti ń jẹ́ ẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, bí o bá bi ará Ifẹ̀ pé ta ni í ṣe, yóò ní Ifẹ̀ ni òun. Ìjẹ̀ṣà yóò ní Ìjẹ̀ṣà ni òun, Ẹ̀gbá yóò ní Ẹ̀gbá ni òun. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ni àwọn ènìyàn apá òkè ń pè ní orúkọ tí ó di Yorùbá lónìí. Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi kálámù kọ ọ́ sílẹ̀: Ahmad Baba ti Timbuktu kọ ọ́ ní ọdún 1615, Muhammad Bello ti Sókótó sì kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1812.

Nígbà tí ogun fọ́ ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú, a di ẹni tí a ń pè ní oríṣiríṣi orúkọ. Ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, "Akú" ni wọ́n ń pè wá nítorí pé "ẹ kú, ẹ kú" ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu wa. Ní Cuba, "Lucumí" ni. Ní Bràsíìlì, "Nagô" ni. Ìlú àjèjì yìí ni ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ẹ̀gbá àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti ríra wọn tí wọ́n sì sọ pé, "Ṣé ẹ rí i, èdè kan náà ni a ń sọ." Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, àwọn míṣọ́nnárì sì mú orúkọ tí ó ti jẹ́ ti Ọ̀yọ́, wọ́n fi pe gbogbo wa. Ní ọdún 1945, Obafemi Awolowo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1948, Ilé-Ifẹ̀ yìí ni wọ́n ti ṣí i ní Nàìjíríà.

Èmi kò sọ pé irọ́ ni orúkọ náà. Rárá o. Òótọ́ ni, ó sì dùn mọ́ wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ènìyàn ni ó kó o jọ, nígbà kan, nítorí ìdí kan. Ohun tí ènìyàn kó jọ, ènìyàn lè mú un gbòòrò, ó sì lè mú un há. Àwọn bàbá bàbá wa mú un gbòòrò títí tí ẹni tí ó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jagun láná fi di ọmọ ìyá rẹ̀ lónìí.

Ẹ tún wo ìlú Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Nínú oṣù Rámádáànì, ní oṣù Kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí ó wà lóko ẹrú níbẹ̀ dìde sí àwọn ọ̀gá wọn. "Malê" ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀rọ̀ tí ó jáde láti inú "ìmàle" tiwa. Yorùbá ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn Haúsá sì wà pẹ̀lú wọn. Níbẹ̀, lábẹ́ ìyà kan náà, wọ́n jùmọ̀ ń kírun, wọ́n jùmọ̀ ń kọ́ kéú. Bí epo àti omi kì í bá pọ̀ lóòótọ́, kí ni ó pa wọ́n pọ̀ níbẹ̀?

IFẸ̀ ÀTI MỌDÁKẸ́KẸ́

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sílé. Bí ó bá jẹ́ pé èdè tàbí ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fa ààlà, kò yẹ kí Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ ti jà rí láyé. Èdè Yorùbá ni àwọn méjèèjì ń sọ. Mùsùlùmí wà níhìn-ín, Mùsùlùmí wà lọ́hùn-ún. Onígbàgbọ́ wà níhìn-ín, onígbàgbọ́ wà lọ́hùn-ún. Wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń bímọ fún ara wọn. Àlejò tí ó bá ń ti Ìbàdàn bọ̀ kò lè dá ibi tí ọ̀kan parí sí mọ̀ àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, àfi bí a bá fi hàn án.

Síbẹ̀, ẹ wo ìtàn wọn. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ilé tú ní àwọn ọdún 1830, àwọn tí ogun lé kúrò nílé wá sá di Ifẹ̀. Láàrin àwọn ọdún 1840, Ọọ̀ni Abẹwẹ́ilá fún wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀dó sí, ibẹ̀ ni a ń pè ní Mọdákẹ́kẹ́. Ogun dé ní 1849, ó tún dé ní 1882, Ifẹ̀ sì tú lẹ́ẹ̀mejèèjì. Àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 sọ pé kí àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ kúrò níbẹ̀, ní 1909 ni èyí sì wá ṣẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Òde-Òmu àti àwọn ìlú mìíràn. Láti 1922 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Kòkó ti wọlé dé nígbà náà, owó sì ti wà nínú ilẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940, ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ di ẹjọ́. Ìjà tún wáyé ní 1981 àti 1983. Èyí tí ó le jù nínú ìrántí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ni ti ọdún 1997 títí dé 2000, tí ọ̀rọ̀ ibi tí olú ilé-iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ yóò wà dá sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Kí ni wọ́n ń jà sí? Kì í ṣe èdè, kì í ṣe ilà ojú, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ilẹ̀ ni, ìṣákọ́lẹ̀ ni, ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ ní, "Àlejò ni yín." Ẹni tí ó ti gbé ibẹ̀ láti ìran karùn-ún ní, "Títí di ìgbà wo ni a ó fi máa jẹ́ àlejò?" Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn méjèèjì ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjà bá dé, kò sí ẹni tí ó ń yẹ ìwé ilẹ̀ wò mọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi ẹni tí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà: "Níbo lo ti wá?" Ìdáhùn ọ̀rọ̀ kan lè gbà á là, ó sì lè pa á.

Onímọ̀ kan, ọmọ ilẹ̀ Norway, tí ń jẹ́ Fredrik Barth, ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1969. Ó ní kì í ṣe àṣà tí ó wà nínú ọgbà ni ó ń sọ ẹ̀yà kan di ẹ̀yà, bí kò ṣe ọgbà fúnra rẹ̀. Àṣà lè yí padà, ẹ̀sìn lè yí padà, àwọn ènìyàn lè máa kọjá láti ìhà kan sí èkejì, síbẹ̀ kí ọgbà náà dúró, bí àwọn ènìyàn bá ti ń tọ́jú rẹ̀. Ìtàn Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán.

SÁBÓ ÀTI MỌ́SÁLÁSÍ

Ọ̀rọ̀ Sábó ni ó yẹ kí ó ká àwa Mùsùlùmí lára jù. Ta ni ó dá Sábó sílẹ̀? Haúsá ni orúkọ náà, "Sabon Gari", ìyẹn ìlú titun. Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn kí àlejò máa gbé lọ́tọ̀. Ní Kánò, ṣáájú ọdún 1914, wọ́n ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwọn ará gúúsù, Yorùbá àti Ìbò, lẹ́yìn odi ìlú. Ní Ìbàdàn, ní ọdún 1916, wọ́n ya Sábó sọ́tọ̀ fún àwọn Haúsá. Àṣé ohun tí a ṣe fún Haúsá níhìn-ín ni a ṣe fún Yorùbá lọ́hùn-ún. Bí ọmọ Yorùbá kan bá ń sọ pé, "Ẹ wò wọ́n, wọn kì í gbé pẹ̀lú wa," ó yẹ kí ó rántí pé ìjọba ni ó kọ́kọ́ fa ìlà náà sílẹ̀, kí àwọn ènìyàn tó máa tún un fà.

Onímọ̀ mìíràn, Abner Cohen, gbé ní Sábó Ìbàdàn láti ṣe ìwádìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó rí i pé òwò obì àti òwò màlúù ni ó so ibẹ̀ ró. Obì ń ti ilẹ̀ wa lọ sókè, màlúù ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó kó màlúù wá kò mọ ẹnì kankan, nítorí náà ó ń wọ̀ sílé mai gida, baálé tí ó ń gba àlejò, tí ó ń bá a tajà, tí ó sì ń ṣe onídùúró fún ẹni tí ó rajà láwìn. Irú òwò báyìí kò lè dúró láìsí ìfọkàntán, ìfọkàntán náà sì rọrùn láàrin àwọn tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan, tí wọ́n jọ ń gbé, tí wọ́n sì mọ ilé ara wọn.

Nígbà tí òṣèlú ẹgbẹ́ dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, tí àṣẹ olórí Haúsá ní Sábó ń dín kù, ohun kan ṣẹlẹ̀. Títí di ìgbà náà, àwọn Haúsá Sábó ń bá àwọn Yorùbá kí ìrun Jímọ̀ ní mọ́sálásí ńlá Ìbàdàn. Yorùbá púpọ̀ ti di Mùsùlùmí, nítorí náà ẹ̀sìn kò pààlà mọ́. Ní àsìkò yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn wọ ẹgbẹ́ Tijaniyya, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí Jímọ̀ tiwọn lọ́tọ̀ ní Sábó. Cohen kò sọ pé irọ́ ni ìfọkànsìn wọn. Ohun tí ó rí ni pé nígbà tí ọgbà àtijọ́ fẹ́ wó, wọ́n fi ẹ̀sìn mọ òmíràn.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má jẹ́ kí a fi èyí bú àwọn Haúsá, nítorí àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mélòó nínú mọ́sálásí wa ni a kọ́ nítorí pé a kò fẹ́ kírun lẹ́yìn Lẹ́mọ̀ọ́mù tí kì í ṣe ọmọ àdúgbò wa? Mélòó ni oyè Lẹ́mọ̀ọ́mù tí ìdílé méjì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí dé kóòtù? Ilé Ọlọ́hun ni ó yẹ kí ààlà ti parẹ́ pátápátá, tí a ń to ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, èjìká mọ́ èjìká. Bí a bá sọ ọ́ di ibi tí a ti ń mọ ẹni tiwa yàtọ̀ sí ẹni tiwọn, ọgbà ni a ń mọ, a kàn fi sàfú ìrun bò ó ni.

ÀWA NÁÀ TI ṢE ÀLEJÒ RÍ

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ó ti jẹun àlejò rí. Ta ni kò mọ̀ pé àwọn ará Èjìgbò kún Abidjan àti àwọn ìlú mìíràn ní Côte d'Ivoire? Ní ilẹ̀ Ghana, àwọn Yorùbá tí ó ń ṣòwò ní Kumasi, Tamale àti Accra pọ̀ púpọ̀, Mùsùlùmí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. "Zongo" ni wọ́n ń pe àdúgbò àwọn àlejò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì bá Haúsá gbé inú zongo kan náà, wọ́n jọ jẹ́ àlejò.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kí ó kúrò ní Ghana láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí ó ti lo ogún ọdún, àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn mìíràn fi ilé sílẹ̀, àwọn mìíràn fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Ní ọdún 1983, ó kan Nàìjíríà náà: ìjọba Shehu Shagari lé àjèjì tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ, ará Ghana ni ó pọ̀ jù nínú wọn, a sì sọ báàgì tí wọ́n gbé dání di orúkọ ẹ̀sín, "Ghana Must Go". Ohun tí a sunkún lé lórí ní 1969 ni a rẹ́rìn-ín sí ní 1983. Ẹni tí ó bá ní làákàyè, kí ó ronú sí èyí.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ LẸ́BÀÁ KÀǸGA

Ẹ̀sìn wa kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Suuratul Hujuraat, Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ̀ pé Òun ni Ó ṣe wá ní orílẹ̀ àti ìran, kí a lè mọ ara wa, àti pé ìpayà Rẹ̀ ni òṣùwọ̀n ọlá, kì í ṣe ìran. Nítorí náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú jíjẹ́ Yorùbá tàbí jíjẹ́ Haúsá. Ìbéèrè ni pé kí ni a ń fi orúkọ náà ṣe?

Ẹ gbọ́ ìtàn kan tí ó bá ọ̀rọ̀ Sábó mu bí ẹni pé Ifẹ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún karùn-ún tàbí ìkẹfà lẹ́yìn Hijira, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) àti àwọn sàhábà ń bọ̀ láti ogun Banul Mustaliq. Lẹ́bàá kàǹga kan, ènìyàn méjì ń du omi. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn Muhajirun tí ó ṣí wá láti Mẹ́kà, èkejì jẹ́ ti àwọn Ansar, ọmọ onílẹ̀ Mẹ̀dínà. Ọ̀kan lu èkejì. Ni èkejì bá ké pe àwọn Ansar, ẹni àkọ́kọ́ náà sì ké pe àwọn Muhajirun. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré jọ.

Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó bi wọ́n pé irú ipè ìgbà àìmọ̀kan wo nìyí, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí pé ó ń rùn. Ẹ dúró níbí kí ẹ ronú. Ṣé orúkọ burúkú ni Muhajirun? Ṣé orúkọ burúkú ni Ansar? Orúkọ méjèèjì wà nínú Àlùkùránì pẹ̀lú ìyìn! Síbẹ̀, lọ́jọ́ náà, orúkọ rere méjì di ipè àìmọ̀kan, nítorí pé a fi wọ́n pe ènìyàn sí ìjà láìbéèrè pé ta ni ó jẹ̀bi. Bí orúkọ tí Ọlọ́hun yìn bá lè di ohun tí ń rùn, mélòó mélòó ni "Ọmọ Odùduwà" tàbí "Arewa"?

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Abdullah ọmọ Ubayy, olórí àwọn mùnáfíkì, gbọ́ ìjà náà, ó sì ní bí àwọn bá padà dé Mẹ̀dínà, ọlọ́lá ibẹ̀ yóò lé ẹni yẹpẹrẹ jáde. Ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ gan-an nìyẹn! Ọlọ́hun sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ nínú Suuratul Munaafikuun, kí a lè mọ ẹnu ẹni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Àwọn onítàn sọ pé Ànábì mú àwọn ènìyàn rìn lọ́sàn-án àti lóru láìsinmi, kí wọ́n má baà rí àyè jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n tún sọ pé ọmọ Abdullah fúnra rẹ̀, mùmíní òdodo, ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Mẹ̀dínà, tí ó ní bàbá òun kò ní wọlé àyàfi bí Ànábì bá yọ̀ǹda. Ẹ rí i pé ọ̀dọ́ ni ó kọ ìyà tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fi jẹ àlejò.

Hadiisi tún wà pé kí a ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, bóyá ó jẹ́ alábòsí tàbí ẹni tí a ṣàbòsí sí, àti pé ìrànlọ́wọ́ fún alábòsí ni kí a dá a lọ́wọ́ kọ́. Èyí ni a lè fi wọn ara wa. Nígbà tí èèyàn tìrẹ bá mú iná láti fi sun ṣọ́ọ̀bù Haúsá, ọwọ́ rẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ tìrẹ wà: dì í mú.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ LÈ BÉÈRÈ

Ẹnì kan lè sọ pé, "Bí a bá gbà pé gbogbo ènìyàn dọ́gba, ṣé àlejò kò ní gba ilẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ìslàámù kò sọ pé kí ẹni tí ó ni ilẹ̀ má ni ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀tọ́ olóhun-ìní dúró, àdéhùn dúró, ẹni tí ó bá sì gba ilẹ̀ onílẹ̀ yóò dáhùn níwájú Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí Bàbá Lágbájá ní ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí gbogbo ọmọ ẹ̀yà kan máa sọ fún gbogbo ọmọ ẹ̀yà kejì pé wọn kò ní ibùgbé láyé. Ti àkọ́kọ́, ẹjọ́ ni, a lè ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rí. Ti èkejì, ìgbéraga ni, kò sì ní òpin. Lónìí, Haúsá ni. Lọ́la, ará Mọdákẹ́kẹ́ ni. Lọ́túnla, ará àdúgbò kejì ní Ifẹ̀ níbí ni.

Òfin ilẹ̀ wa náà kò ràn wá lọ́wọ́. Òfin ọdún 1999 sọ pé kí minisita kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ tí ó ṣojú fún. Láti ibẹ̀ dé iṣẹ́ ìjọba àti owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ni a ń béèrè. A dá ìlànà yìí sílẹ̀ kí ẹ̀yà kan má baà gba gbogbo nǹkan, èrò náà kò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí ní Sábó Ifẹ̀, tí ó lọ sílé-ìwé ní Ifẹ̀, tí ó ń sọ ẹ̀ka èdè Ifẹ̀ geere, níbo ni yóò ti gba ìwé tirẹ̀? Ìlú bàbá bàbá rẹ̀ tí kò dé rí? Ìwé kan ṣoṣo ni ó sọ ọ́ di àlejò nílé ara rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Àwọn náà kò fẹ́ràn wa." Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbà méjì ni ó ń tọ́jú ọgbà kan. Bí o bá dúró kí ẹnìkejì kọ́kọ́ wó ìhà tirẹ̀, ìwọ àti òun yóò kú sẹ́yìn ọgbà. Ìwọ ni Ọlọ́hun yóò bi léèrè ọwọ́ tìrẹ.

OHUN TÍ Ọ̀DỌ́ LÈ ṢE

Nǹkan mẹ́rin ni mo fẹ́ kí a mú lọ sílé. Èkíní, bí a bá gbọ́ pé Haúsá kan tàbí Yorùbá kan ṣẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni kí a wá, kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀. Ẹni tí ó jalè, olè ni; kò di "àwọn Haúsá jalè". Kí a má sì fi ohùn tí a kò mọ ẹni tí ó sọ ọ́ ránṣẹ́ lórí fóònù. Ipè kàǹga àtijọ́ ni, fóònù ni ó ń gbé e kiri báyìí.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ mọ̀ bí ó ṣe ń dun ni. Ọmọkùnrin tí ó ní ẹ̀sìn àti ìwà wá tọrọ ọmọ, kò sí àléébù lára rẹ̀ ju pé Mọdákẹ́kẹ́ ni tàbí Haúsá ni, àwọn òbí sì kọ̀. Kí a bọ̀wọ̀ fún òbí, kí a bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí a rán àáfà àti àwọn àgbà sí wọn. Ṣùgbọ́n kí àwa tí a ó di òbí lọ́la pinnu lónìí pé a kò ní ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa máa ṣe àbẹ̀wò sí Sábó, kí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì máa wá sọ́dọ̀ wa. Ìrun Jímọ̀ kan lóṣù, ìṣínu nínú Rámádáànì, ìbẹ̀wò aláìsàn. Ẹni tí o ti bá ṣínu rí, ó ṣòro kí o sun ilé rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹnu wa. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ilẹ̀ wa ni obì ti ń hù, obì sì wà lára ohun tí ó mú Haúsá àti Yorùbá mọ ilé ara wọn lọ́nà òwò. Bí a bá ń pe ẹnìkejì wa ní "gàmbàrí" pẹ̀lú ẹ̀gàn, tí òun náà ń pè wá ní orúkọ tirẹ̀, ọfà ni a ń yọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn ènìyàn 46 tí ọlọ́pàá kà ní 2017 kì í ṣe ẹni tí ẹ̀jẹ̀ pa, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò ní ọwọ́. Ọwọ́ ènìyàn ni ó pa wọ́n, ẹnu ènìyàn ni ó sì pe ọwọ́ náà jáde. Ọwọ́ àti ẹnu wọ̀nyẹn wà lára àwa náà, ohun tí a bá fi wọ́n ṣe ni a ó bá níwájú.

Kí Ọlọ́hun foríjì wá, kí Ó so ọkàn wa pọ̀ bí Ó ti so ọkàn Muhajirun àti Ansar pọ̀, kí Ó sì dáàbò bo Ilé-Ifẹ̀, Mọdákẹ́kẹ́, Sábó àti gbogbo ìlú Mùsùlùmí àti ti ẹni gbogbo. Aamiin.